Orí Karùn-ún: Gbèsè Àlàyé

Ìjọba kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó sọ ọ́ di ọmọ abẹ́ òun. Inú rẹ̀ ni a bí wa sí. Kí a tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni òfin rẹ̀ ti dè wá. Ó ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́, ó sì ní ọlọ́pàá àti ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó bá ṣorí kunkun. Bí ará ilé kejì bá ṣe irú èyí sí wa, olè tàbí ajínigbé ni a ó pè é. Kí ló wá fún ìjọba ní àṣẹ tí ará ilé kejì kò ní?

Ní àwọn orí tó ṣíwájú, a wo ohun tí àwọn onímọ̀ líbẹ́rà pè ní òdodo: kí ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn dọ́gba, kí ẹ̀rí-ọkàn ẹnikẹ́ni má ṣe wà lábẹ́ àṣẹ aláṣẹ, kí ọmọ tálákà rí ọ̀nà gòkè bí ọmọ olówó. Ìbéèrè orí yìí yàtọ̀. A fẹ́ mọ ìdí tí ẹni tí kò gba èrò wọ̀nyí fi gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òfin tí a gbé ka orí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa da ìbéèrè méjèèjì pọ̀. Ó máa ń rò pé bí òun bá ti ṣàlàyé èrò kan yékéyéké, òun ti dá a láre nìyẹn. Ìsìnrú pàápàá ṣeé ṣàlàyé yékéyéké.

Ohun tí mo fẹ́ gbèjà nínú orí yìí ni pé agbára ìdájọ́ líbẹ́rà wà nínú pé ó ka àlàyé sí gbèsè. Ẹnikẹ́ni tí òfin bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìdí kan tí òun fúnra rẹ̀ lè gbà, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ ara rẹ̀ di ẹlòmíràn. Ìdí tó tẹ́ ẹni tó ń jèrè lọ́rùn nìkan kò tíì san gbèsè náà. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin odindi ìlú náà lè jẹ́ àgbà òṣìkà.

Locke àti Proast

Ní ọdún 1685, Ọba Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé fagi lé àṣẹ Nantes, èyí tó ti ń dáàbò bo àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ibẹ̀ láti ọdún 1598. Wọ́n wó ilé ìjọsìn wọn, wọ́n fi sójà wọ inú ilé tì wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sá lọ sí ilẹ̀ Netherlands. John Locke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà ní Netherlands ní àkókò yẹn gan-an. Òun pẹ̀lú ti sá kúrò nílé nítorí ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Níbẹ̀ ló ti kọ lẹ́tà rẹ̀ lórí ìfaradà ẹ̀sìn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1689.

Àríyànjiyàn tí a mọ̀ jù lọ nínú lẹ́tà náà kò gùn. Inú ọkàn ni ìgbàgbọ́ ń gbé. Idà lè mú kí ènìyàn kúnlẹ̀, kò lè mú kí ó gbàgbọ́. Nítorí náà, aláṣẹ tó fẹ́ fi ipá gba ọkàn àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣe làálàá lásán ni.

Jonas Proast, àlùfáà kan ní Oxford, fèsì ní ọdún 1690, èsì rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó gbà pé ipá kò lè gbin ìgbàgbọ́ sínú ẹnikẹ́ni tààrà. Ó ní ṣùgbọ́n ipá lè mú olórí kunkun jókòó kí ó fetí sí ohun tí kò fẹ́ gbọ́, kí ó ṣí ìwé tí ì bá má ṣí láéláé, ohun tó bá sì kà níbẹ̀ lè yí i lérò padà ní tòótọ́. Ẹni tó bá mọ bí ilé ìwé ẹlẹ́sìn ṣe ń sọ ọmọ di onígbàgbọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Proast kì í ṣe àhesọ. Locke kọ lẹ́tà mìíràn léraléra láti fi dá a lóhùn. Ìkẹrin ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìparí nígbà tó kú ní ọdún 1704.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ẹ̀kọ́ ibẹ̀ pọ̀. Locke gbé òmìnira ẹ̀sìn ka orí ọ̀rọ̀ pé ipá kò wúlò. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá fi hàn pé ipá wúlò nígbà mìíràn, ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ òmìnira náà lẹ́sẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí. Kò sunkún pé ìyà náà kò ní yí òun padà. Ohun tó ń wí ni pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìyà yí òun padà, ì báà ṣiṣẹ́, ì báà má ṣiṣẹ́. Ìdí tí Locke fún wa kò kan ẹni yìí lára. Aláṣẹ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, ó ń gbà á nímọ̀ràn pé kó má fi agbára ṣòfò.

Àmọ́ àríyànjiyàn mìíràn wà nínú lẹ́tà kan náà, èmi sì gbà pé òun ló jinlẹ̀ jù. Locke rán wa létí pé gbogbo ọba ló gbà pé tòun ni ẹ̀sìn òtítọ́. Àṣẹ tí o bá fún ọba Gẹ̀ẹ́sì láti fi ipá gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ró, o ti fún ọba Faransé náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọba òun fi ipá mú àwọn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ múra láti gbà pé kí ọba mìíràn fi ipá mú òun. Ìdí tó yí padà nígbà tí ipò wa bá yí padà kì í ṣe ìdí tí a lè fi dúró níwájú ẹlòmíràn. Locke fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ lé e dé òpin: kò fún àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ní òmìnira kankan, nítorí ó ní ìbúra wọn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ kà sí ìyọsílẹ̀ àwọn Kátólíìkì.

Mill àti àwọn tó yọ sílẹ̀

Ní ọdún 1859, John Stuart Mill tẹ On Liberty jáde. Ìdí tí ó fún wa dára ju ti pé ipá kò wúlò lọ. Ó ní bí a bá pa ẹnu ẹnì kan mọ́, gbogbo wa la pàdánù: bóyá òun ló mọ òtítọ́, bí òtítọ́ bá sì jẹ́ tiwa, a ó gbàgbé ìdí rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá dán an wò mọ́. Ó tún ní ènìyàn kì í dàgbà nínú bàtà tí ẹlòmíràn wọ̀ fún un. Ìjọba lè fi ipá dá wa dúró kìkì nígbà tí a bá fẹ́ ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá.

Síbẹ̀, orí àǹfààní ni Mill kọ́ ilé rẹ̀ sí, a sì rí ibi tí ó ti sán. Nínú ìwé kan náà ló ti sọ pé òfin òmìnira yìí kò kan àwọn ẹ̀yà tí òun kà sí aláìlajú. Ó gbà pé a lè fi ìjọba apàṣẹwàá darí wọn bí ó bá jẹ́ fún ìlọsíwájú wọn. Láti ọdún 1823 títí di 1858 ni Mill fi ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ East India Company, tí ó ń ṣàkóso Íńdíà. Ní ọdún 1861, ọdún méjì lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú. Mi ò sọ pé ìwé Mill ló gba Èkó. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá gbé òmìnira ka orí àǹfààní ti fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ láìtì, ẹnikẹ́ni tó bá lè sọ pé ìjẹgàba òun yóò ṣe ọ́ láǹfààní sì lè gbà á wọlé.

Rawls lẹ́yìn ìbòjú

A bí John Rawls ní Baltimore ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1921. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àbúrò rẹ̀ méjì kú ní 1928 àti 1929, àrùn tí wọ́n kó lára rẹ̀ ló pa wọ́n, òun yè. Ó jagun ní agbègbè òkun Pàsífíìkì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì gba Hiroshima kọjá lẹ́yìn tí àdó olóró ti sọ ibẹ̀ di ahoro. Yálà nǹkan wọ̀nyí ló tọ́ èrò rẹ̀ sọ́nà tàbí òmíràn, kò sí ẹni tí yóò ka A Theory of Justice, tí ó tẹ̀ jáde ní 1971, tí kò ní kíyè sí i bí ó ṣe ń padà sórí ohun kan ṣáá: ibi tí a bí wa sí àti ẹ̀bùn tí a bá wáyé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wa.

Àwọn tí Rawls dojú kọ ni àwọn tó gbà pé òfin tó dára jù ni èyí tó bá mú àpapọ̀ ire ìlú pọ̀ jù lọ. Èrò yìí ló gbilẹ̀ jù láàárín àwọn onímọ̀ tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ọ̀pọ̀ aláṣẹ sì ń lò ó títí di òní láìmọ̀. Rawls tọ́ka sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Ẹnì kan lè fi ìrora òní ra ìgbádùn ọ̀la, nítorí òun kan náà ni yóò jìyà, òun náà ni yóò sì jadùn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìyà Àdìó ra ìgbádùn Àjàní, ta ni yóò san án padà fún Àdìó? Ẹni tó bá kàn ń ro àpapọ̀ ti ṣe ìlú bí ẹni pé ara kan ṣoṣo ni, ó ti gbàgbé pé ẹ̀mí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀.

Kí ni kí a fi rọ́pò rẹ̀? Rawls lo àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ilé mọ̀: bí a bá fẹ́ kí ìpín dọ́gba, ẹni tó gé àkàrà òyìnbó ni kí ó mú kẹ́yìn. Kò nílò kí agékéèkì náà jẹ́ ènìyàn rere. Ipò tí a fi í sí ló mú un ṣe rere. Rawls wá wá ipò tó jọ bẹ́ẹ̀ fún odindi àwùjọ. Ó ní kí a fọkàn yàwòrán àwọn ènìyàn tó jókòó láti yan òfin ìpìlẹ̀ tí wọn yóò máa gbé lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbòjú àìmọ̀ bò wọ́n lójú. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ọkùnrin ni òun tàbí obìnrin, dúdú tàbí funfun, ọmọ olówó tàbí ọmọ alágbàṣe. Wọn kò mọ ẹ̀sìn wọn, wọn kò mọ ẹ̀bùn wọn, wọn kò mọ ìran tí wọn bọ́ sí. Wọ́n mọ bí ọjà àti ìṣèlú ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ fi ayé wọn ṣe, wọn yóò nílò àwọn kòṣeémàánì kan: ẹ̀tọ́, àǹfààní, owó, àti ohun tí yóò jẹ́ kí wọ́n lè bọ̀wọ̀ fún ara wọn.

Rawls ní irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ yóò yan ìlànà méjì. Èkíní ni pé kí gbogbo ènìyàn ní òmìnira ìpìlẹ̀ kan náà: ẹ̀rí-ọkàn, ọ̀rọ̀ sísọ, ìdìbò, ààbò kúrò lọ́wọ́ ìmúni láìnídìí. Èkejì kan ìyàtọ̀ láàárín ọlọ́rọ̀ àti tálákà. Ó ní ipò àti iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ní ẹ̀bùn kan náà láìwo ilé tó ti wá, àti pé ìyàtọ̀ tó bá kù gbọ́dọ̀ ṣe ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá láǹfààní ju bí ì bá ti rí láìsí i. Èkíní ló ń ṣíwájú èkejì. A kò gbọdọ̀ ta ẹ̀tọ́ ìdìbò tálákà nítorí pé owó oṣù rẹ̀ yóò fi lé sí i.

Ṣé àdéhùn tí a kò ṣe lè dè wá?

Àtakò méjì ló dìde kíákíá. Ọ̀kan kan ohun tí wọn yóò yàn. John Harsanyi, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1994, ti lo irú àìmọ̀ báyìí láti ọdún 1953, ibi tó gúnlẹ̀ sí sì yàtọ̀: ó ní ẹni tí kò mọ ipò rẹ̀ yóò yan òfin tí yóò mú ire tó wà ní àárín pọ̀ jù lọ. Nínú èsì tó kọ sí Rawls ní 1975, ó ní ẹni tó bá ń fi gbogbo ìgbà sá fún ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ kò ní lè sọdá títì.

Lóòótọ́, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti tẹ́tẹ́ nìkan, Harsanyi ló jàre. Norman Frohlich àti Joe Oppenheimer tilẹ̀ fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kánádà, Poland àti Amẹ́ríkà sí ipò tó jọ ti Rawls, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé Choosing Justice ní 1992. Díẹ̀ kín-ún ló yan ìlànà Rawls. Ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ yàn ni pé kí ìwọ̀n ìsàlẹ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já kọjá, lẹ́yìn náà kí owó tó wà ní àárín pọ̀ tó bó bá ti lè pọ̀ tó. Ó wù mí kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí àbájáde yìí. Kò bá ti Rawls mu, ṣùgbọ́n kò bá ti Harsanyi mu náà: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn kò fẹ́ fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ kó já sí kòtò nítorí àpapọ̀.

Rawls ní ìdáhùn kan tí kò dá lórí tẹ́tẹ́, ìdáhùn náà ni mo kà sí ọkàn gbogbo ìwé rẹ̀. Ó ní àdéhùn yìí kì í ṣe èyí tí a ó ṣe lónìí kí a yẹ̀ ẹ́ lọ́la. Títí ayé ni. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ lè pa á mọ́ pẹ̀lú inú kan, kódà bí ó bá bá ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbà náà, wo ohun tí olùfẹ́ àpapọ̀ yóò sọ fún ẹni ìsàlẹ̀: fara dà á, nítorí àwọn ẹlòmíràn ń jẹ̀gbádùn púpọ̀. Ohun tí Rawls yóò sọ fún un ni pé: ìyàtọ̀ tí o rí yìí wà nítorí pé láìsí i, ìwọ gan-an ni yóò burú fún jù. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ṣeé sọ lójúkojú.

Àtakò kejì ti pẹ́. Láti ọdún 1748 ni David Hume ti béèrè ibi tí wọ́n ti rí àdéhùn tí wọ́n ní ó so wá mọ́ ìjọba. Ronald Dworkin gbé e yọ ní ọ̀nà tuntun lẹ́yìn tí ìwé Rawls jáde: àdéhùn tí ẹnikẹ́ni kò ṣe kò lè de ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbòjú náà kò wà láti dè wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yọ àwọn ìdí tí kò yẹ kúrò lórí tábìlì. Ẹni tó bá sọ pé kí owó orí dínkù fún àwọn bíi tòun nítorí pé tòun ni, kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ lẹ́yìn ìbòjú.

Kí ló wá fi hàn pé ìbòjú náà fúnra rẹ̀ tọ́? Níbí ni Rawls ti mú ọ̀nà ìdáláre kan wá tí ó ti ń ronú lé lórí láti inú àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1951. A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdájọ́ tó dá wa lójú jù lọ: pé inúnibíni nítorí ẹ̀sìn kò tọ́, pé kíkó ènìyàn lẹ́rú nítorí àwọ̀ kò tọ́. A ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlànà tí a rò pé ó ṣàlàyé wọn. Níbi tí wọ́n bá ti takora, nígbà mìíràn a ó tún ìlànà ṣe, nígbà mìíràn ìdájọ́ wa ni yóò yí padà, títí wọn yóò fi bá ara wọn dọ́gba. Richard Hare àti Peter Singer takò ó pé ẹ̀tanú àtijọ́ la kàn ń wọ aṣọ tuntun fún. Ewu náà wà. Ohun tó ń dín in kù ni pé Rawls kò gbà kí a fi èrò tiwa nìkan wọn ara rẹ̀. Ó ní kí a gbé àwọn èrò tó lágbára jù lọ tó ta ko tiwa wá síbi ìwọ̀n náà.

Nozick àti Sandel

Robert Nozick, tí òun àti Rawls jọ ń kọ́ni ní Harvard, tẹ Anarchy, State, and Utopia jáde ní 1974. Ó ní kí a pín owó lọ́nà tó bá wù wá. Wilt Chamberlain, akọni agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, wá ní kí olúkúlùkù ẹni tó bá wá wò òun san sẹ́ǹtì 25 fún òun. Bí àádọ́ta ọ̀kẹ́, ìyẹn mílíọ̀nù kan ènìyàn, bá fi ìfẹ́ san án, ó di olówó 250,000 dọ́là. Ìdọ́gba ti bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀. Àpẹẹrẹ náà dùn gbọ́, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fúnni. Ibi tó ti kù díẹ̀ ni pé ó ń bá Chamberlain àti àwọn òǹwòran rẹ̀ nìkan sọ̀rọ̀. Ọmọ tí a óò bí ní ogún ọdún lẹ́yìn náà sínú ìlú tí owó ti kó jọ sọ́wọ́ àwọn kan kò sí níbi eré náà, òfin tó ń ṣọ́ owó wọn sì de òun pẹ̀lú.

Michael Sandel, ní 1982, ní ẹni tí Rawls fi sẹ́yìn ìbòjú kì í ṣe ènìyàn, nítorí ènìyàn tí kò ní ẹbí, ìlú àti ìgbàgbọ́ kò sí. A lè fi ọ̀rọ̀ kan dá a lóhùn. Adájọ́ tó bá gbàgbé nílé ẹjọ́ pé ẹbí òun ni olùpẹ̀jọ́ kò tíì kọ ẹbí rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ìgbàgbọ́ kò bá pọ̀kan

Rawls fúnra rẹ̀ rí ibi tó burú jù nínú ìwé rẹ̀ kí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀tá rẹ̀ tó rí i. Ìwé 1971 fẹ́ kí gbogbo ọmọ ìlú gba irú ojú kan fi wo ayé, ojú tó jọ ti Immanuel Kant. Ṣùgbọ́n níbi tí òmìnira bá wà, àwọn olóye ènìyàn kò ní ṣíwọ́ láti gba ìgbàgbọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìdájọ́ líbẹ́rà bá nílò kí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, oníṣẹ̀ṣe àti ẹni tí kò sin ohunkóhun kọ́kọ́ di ọmọlẹ́yìn Kant, ó ti ṣẹ̀ sí òfin ara rẹ̀.

Nínú Political Liberalism, ní 1993, ó yí ọ̀nà padà. Olúkúlùkù lè gba òfin ìpìlẹ̀ kan náà láti inú ìgbàgbọ́ tirẹ̀: ọ̀kan nítorí pé Ọlọ́run kò fẹ́ ìjọsìn àfipáṣe, òmíràn nítorí ọlá ọmọnìyàn. Níbi tí ọ̀nà wọn ti pàdé ni kí ìjọba dúró sí. Bí a bá sì ń jiyàn lórí òfin ìpìlẹ̀ tí yóò de gbogbo wa, kí a wá ìdí tí àwọn tí kò sin ohun tí a ń sìn náà lè yẹ̀ wò. Rawls kò ní kí ẹlẹ́sìn pa ẹnu mọ́. Ó mọ̀ pé àwọn tó jà láti fòpin sí ìsìnrú ní Amẹ́ríkà, àti Martin Luther King lẹ́yìn wọn, sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí onígbàgbọ́. Ohun tó béèrè ni pé kí ìdí tó kan gbogbo ènìyàn tẹ̀ lé e nígbà tó bá yá.

Àtakò tó le jù sí èyí ni pé ó ń rìn yí po. Rawls ní òun jẹ àwọn olóye ní àlàyé, ó sì sọ pé olóye ni ẹni tó ti múra láti bá ẹlòmíràn gbé pọ̀ ní ìdọ́gba. Àwọn tó ti gbà tẹ́lẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ nìyẹn! Mi ò rò pé a lè bọ́ nínú èyí pátápátá. Kò sí ìdí kan láyé tí yóò tẹ́ ẹni tó ti pinnu pé àwọn kan kì í ṣe ènìyàn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kíyè sí ohun tí ìdájọ́ líbẹ́rà ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà: kò gba ẹ̀tọ́ ìdìbò rẹ̀, kò sì tì í mọ́lé nítorí èrò rẹ̀. Ìlànà tí òun ì bá lò fún wa yàtọ̀ gan-an.

Ta ló jókòó síbi àdéhùn?

Charles Mills, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó dàgbà ní Jàmáíkà, tẹ The Racial Contract jáde ní 1997. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé àdéhùn tó wáyé ní tòótọ́ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun ni, lórí àwọn yòókù, àti pé àwọn onímọ̀ líbẹ́rà kọ ìwé ńláńlá lórí òdodo láìsọ̀rọ̀ lórí òwò ẹrú àti ìjẹgàba bí ó ti yẹ. Ìtàn John Stuart Mill tí a kà lókè jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀ Mills kò da èrò líbẹ́rà nù. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí a gbà á padà lọ́wọ́ àwọn tó há a mọ́ ara wọn.

Olúfẹ́mi Táíwò, ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Cornell, gba ọ̀nà tó jọ ọ́ nínú How Colonialism Preempted Modernity in Africa, ní 2010. Ó ní irọ́ ni pé ìjọba amúnisìn ló kó òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ìṣàkóso nípa ìfohùnṣọ̀kan wá fún wa. Àwọn ọmọ Áfíríkà bíi Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ti fi ọwọ́ ara wọn gbá èrò wọ̀nyí mú. Ìjọba amúnisìn ló wá dí wọn lọ́nà. Ẹ wo Crowther. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú ní 1822, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó sì gba àṣẹ iṣẹ́ ìjọ Niger lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kú ní 1891. Nígbà tí a bá sọ pé ohun tí wọ́n ṣe sí i burú, ìlànà wo la fi ń dá wọn lẹ́jọ́? Pé ó yẹ kí wọ́n wo ẹ̀bùn àti iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má wo àwọ̀ rẹ̀. Òun gan-an ni ìlànà tí wọ́n ń pariwo ṣùgbọ́n tí wọn kò pa mọ́.

Èkó, ọdún 1980

Ní oṣù Kẹta ọdún 1980, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Lateef Jákàńdè fi ìwé ránṣẹ́ pé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fi wọlé. Ìwé òfin ọdún 1979 pẹ̀lú pàṣẹ fún ìjọba, nínú Orí Kejì rẹ̀, kí ó wá àǹfààní ẹ̀kọ́ tó dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Olúbùnmi Okogie àti àwọn alábòójútó ilé ìwé Kátólíìkì pe ìjọba lẹ́jọ́. Wọ́n dúró lórí Orí Kẹrin ìwé òfin kan náà, níbi tí ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ẹni àti láti dá ọ̀nà ìtànkálẹ̀ èrò sílẹ̀ wà. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé àfojúsùn Orí Kejì kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ Orí Kẹrin mọ́lẹ̀.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ Rawls ló farahàn níbí: òmìnira ìpìlẹ̀ ṣíwájú, ìpín ṣìkejì. Mo gbà pé ilé ẹjọ́ jàre lórí ohun tí wọ́n gbé wá síwájú rẹ̀, nítorí ó ṣòro láti rí bí títi ilé ìwé àwọn kan ṣe ń fi àga kún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ tálákà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò sí ní kóòtù lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn òbí tí ọmọ rẹ̀ kò rí ilé ìwé lọ rárá. Rawls fúnra rẹ̀ gbà nínú ìwé 1993 pé ìlànà kan lè ṣíwájú òmìnira pàápàá: kí ènìyàn rí àìní ìpìlẹ̀ rẹ̀ tó ìwọ̀n tí yóò jẹ́ kí ó lè lo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Abala 6(6)(c) nínú ìwé òfin wa, ti 1979 àti ti 1999, sọ pé ilé ẹjọ́ kò lè gbọ́ ẹjọ́ lórí Orí Kejì. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá ní ẹ̀hónú, ilẹ̀kùn ṣí; bí òbí yìí bá ní ẹ̀hónú, wọ́n ti tì í. Ní 2009, ilé ẹjọ́ àjọ ECOWAS gba ọ̀nà mìíràn: ó ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ tó wà nínú àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ṣeé pè lẹ́jọ́, ohunkóhun tí ì báà wà nínú Orí Kejì.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Kọ ìdájọ́ Èkó yìí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, bá àwọn alábòójútó ilé ìwé Kátólíìkì sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé wọ́n pàdánù ẹjọ́ náà. Lẹ́yìn náà, bá òbí tí ọmọ rẹ̀ kò rí ilé ìwé lọ sọ̀rọ̀. Má ṣe lo ìdí kankan fún ẹnì kan tí o kò lè sọ lójú ẹnì kejì.

Ṣé Proast ì bá rí èsì fún àríyànjiyàn Locke kejì, èyí tó sọ pé àṣẹ tí a bá fún ọba kan ni a fún gbogbo ọba? Gbìyànjú láti kọ èsì náà fún un kí o tó ta kò ó.